Ohun Tí Ayùn Jẹ

Sátidé. Kúbwà kò tíì jí tán.
Ọyẹ́ ti fi eruku kun ojú fèrèsé bí àtíkè.
Mo to pákó méjì lé ara wọn ní ẹ̀yìnkùlé,
ọ̀gànwó pupa nísàlẹ̀, arère funfun lókè,
mo kán gọ́ọ̀mù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
kí èkínní má baà yẹ̀ lórí èkejì.

Lọ́dọ̀ Gímbà ní Déídéí ni mo ti rà wọ́n,
àjẹkù ilẹ̀kùn olówó kan ní Máítámà.
Ó ní, "Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ fi dáná ni?"
Mo ní, "Ẹyẹ wà nínú rẹ̀."
Ó wo pákó, ó wò mí,
ó dín igba náírà kù.

Lékèélékèé ni. Mo fi kábọ̀nù tẹ àwòrán rẹ̀ sórí igi,
ọrùn bí ìwọ̀ ẹja, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, èkejì ká sáyà.
Ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni mo ti rí i,
ó ń tẹ̀ lé màlúù àwọn Fúlàní
bí akọ̀wé tó ń tẹ̀ lé mínísítà.

Abẹ́ ayùn yìí kò nípọn ju irun ìrù ẹṣin lọ.
Dírílì lu ihò tí kòkòrò lè fi ṣelé,
mo ti abẹ́ bọ̀ ọ́ bí òwú sínú abẹ́rẹ́,
mo dè é lókè, mo dè é nísàlẹ̀,
mo fi èékánná ta á: bó bá dún "tín", ó yá.
Bó bá dún "tò", ó ṣì dẹ̀.

Nígbà òjò tó kọjá, pẹrẹsẹ ni mo tẹ́ tábìlì ayùn.
Ẹyẹ náà jábọ́ láàárín ihò ara rẹ̀
bí owó ẹyọ nínú àpò tó ti ya.
Ohun tí ayùn jẹ kì í padà sẹ́nu igi.
Àlàfo tín-ín-rín, àlàfo náà ni.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bínú sí i
kí n tó jẹ́ kí tábìlì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, dígírì mẹ́ta péré,
bí ẹni tó gbé etí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:
ẹyẹ á fẹ̀ lókè, á tín-ín-rín nísàlẹ̀,
ihò á gbà á wọlé títí dé ọrùn,
á wá ní, ó tó.

Ọ̀nà kan ṣoṣo la ń gbà yí i ká.
Ayùn mọ oúnjẹ rẹ̀, má rọ ọ́,
ṣáà máa gbé igi sún mọ́ ọn.
Níbi ìka ẹsẹ̀, mo dá èémí dúró.
Iná lọ.

Àárín ìka kejì ló ti lọ.
Mo jókòó ti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan àbọ̀.
Ìyá Nánvẹ̀n yọjú lórí ògiri: "Èló lẹ máa tà á?"
N kò ní tà á.
"Ta lẹ wá ń ṣe é fún?"
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka owó tí kì í ṣe tèmi
ní ọ́fíìsì ìṣirò ní Gáríkì.
Mo wo ọwọ́ mi. N kò rántí èsì tí mo fún un.

Iná dé lọ́sàn-án. Mo parí ìka.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ funfun wọ inú pupa,
ó kọ̀, ó kọ̀, ó ní "kẹ́".
Ìwo màlúù ni mo fi ṣe ojú rẹ̀, kò ju kóró ata lọ;
ṣebí màlúù náà ló ń wò látàárọ̀.
Mo fi ewé ìpín fá a
títí ìka kò fi mọ ibi tí igi kan ti pín.
Àfi lẹ́sẹ̀, níbi tí iná ti lọ.
Àpá kan wà níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Ní kékeré, ní Ìkirè, a máa ń na ọwọ́ sí ẹyẹ yìí lójú ọ̀run,
ká lè rí funfun díẹ̀ gbà sí èékánná.
Kò dá mi lóhùn rí.
Mo dìde láti fọwọ́. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo dúró:
èérún arère ti wọ gbogbo èékánná mi,
mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, funfun.
Mo yí ẹnu ẹ̀rọ pa.