Ojú Fèrèsé Kẹrin

Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ló kàn mí
ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Àkúrẹ́.
Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni mo wá gbà fún Ozohu
kó lè rí yunifásítì wọ̀.

Tísà Adégoróyè jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì,
òun ló kọ́ wa ní Látìn kí wọ́n tó pa Látìn rẹ́.
Owó ìfẹ̀yìntì ló wá béèrè. Ìgbà kẹfà rèé.
Ẹnu rẹ̀ ò sinmi.

"Wo pátákó yẹn. Mínísítà.
Ìránṣẹ́ ni, lẹ́nu àwọn tó bí ọ̀rọ̀ náà.
Èwo nínú wọn lo rí tó gbé àwo oúnjẹ fún ọ rí?
Gómìnà ńkọ́? Atukọ̀ ni, àwọn Gíríìkì ló ni ín.
Bi àwọn ará Ìlàjẹ bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú
nígbà tí omi bá ń ru.
Kándídéètì, aṣọ funfun ni.
Ẹfun ni wọ́n fi ń pa á kó lè dán lójú ọjà,
káyé má baà wo ohun tó wà lábẹ́."

Obìnrin kan lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín:
"Ẹfun yẹn ò tíì tán o."

Mo bi í ní sítísìn,
torí òun ló wà lórí fọ́ọ̀mù mi.
Ó yọ awò ojú, ó nù ún pẹ́.
"Ìlú ni ìyá ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìlú.
Àwọn tó ń sọ ọ́ ló ń béèrè bàbá ẹni,
ọ̀rọ̀ náà ò béèrè."

Wọ́n pè mí.
"Onimisi? Àdúgbò wo?"
Ìsìkàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́,
lẹ́bàá igi ọsàn tí wọ́n ti gé báyìí.
"Bàbá yín ńkọ́?"
Òkéné ló ti wá. Oko kòkó ló wá ṣe. Ibí ló kú sí.
Akọ̀wé fi pẹ́ńsù fa ìlà kan. Kò tilẹ̀ lo bírò.
"Ẹ lọ gbà á lọ́hùn-ún."

Ọmọ amúdà sílẹ̀ mógun ẹnu pani!
Mo ká fọ́ọ̀mù mi, mo fẹ́ máa lọ.

Tísà di apá mi mú.
"Ó ku ọ̀kan. Ídíọ́ọ̀tì.
Kì í ṣe ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.
Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú, tó dákẹ́,
tó kọrí sílé ara ẹ̀."

Akọ̀wé ti ń kó ìwé jọ, ó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán.
Mo gbé ọwọ́ mi sí ojú fèrèsé,
níbi tí kò ti ní lè pa á dé.