Ẹ̀dà Ìtọ́wò

Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kó tó jinná.
Bẹ́tà ni wọ́n kọ sí i lórí.
Ní Kábbà níbí, ohun tó bá ti bẹ́tà, ó ti dáa nìyẹn,
a kì í tún máa wò ó bóyá yóò dúró.
Èmi Ọbajẹ́mu, ayàwòrán fún títẹ̀,
tí mo ń ya pátákó ilé ìwé, páálí ọṣẹ,
káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú,
mo fi gbogbo détà òru fà á wálẹ̀
láti aago méjì títí àkùkọ fi kọ lẹ́yìn ọgbà Katu.

Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, mo kà á:
Má fi ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń dúró dè.
Ta ni kì í dúró de iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ó dùn lọ́wọ́, n kò ní purọ́.
Àwọ̀ ń ṣàn wọ inú àwọ̀
bí ìgbà tí ọ̀yẹ̀ ń là lẹ́yìn àpáta Ògìdì.
Ìlà tí mo fi ọwọ́ gbígbọ̀n fà, ó tọ́ ọ fún mi láìgbàṣẹ.
Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ àwòrán di ńlá lẹ́ẹ̀mẹta,
á dákẹ́, á máa wò mí
bí ajẹgbèsè tí a bá pàdé lọ́nà oko.

Ahunṣọ ni ìyá mi.
Kò jẹ́ ta òwú tuntun sórí òfì
láì kọ́kọ́ hun ìwọ̀n ìka mẹ́rin sọnù.
Ìka mẹ́rin yẹn ló ń sọ fún un bóyá aró á ṣí.
Mo mọ ẹ̀kọ́ yìí.
Mo mọ̀ ọ́n, n kò tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ẹtì ni opó Bàbá Bọ́lọ́rundúró wọlé.
"Òkun o," ó ní, "ẹ̀yin onítẹ̀wé."
"Òkun, ìyá mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."
Mo tẹ páálí ńlá kan kó fi wò:
bàbá nínú fìlà, igi kọfí tó so pupa lẹ́yìn rẹ̀,
lẹ́tà gàdàgbà nísàlẹ̀.
ỌKỌ RERE TI LỌ ni mo kọ.
Àmì ìsàlẹ̀ ti jábọ́, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.
Kí n tó rí i, òun ti rí i:
OKO RERE TI LO.

Mo fẹ́ fà á ya. Ó di ọwọ́ mi mú.
Ó fi ìka gbígbẹ tọ ojú ọ̀rọ̀ náà,
ilẹ̀ ṣì dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀.
"Oko," ó ní.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ẹnu.
"Ogójì ọdún ni mo fi bá oko yẹn du ọkùnrin yìí.
Ẹ̀rọ yín ò parọ́.
Àmọ́ ẹ bá mi fi ohun tó bọ́ síbẹ̀ padà,
àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Àbújá,
wọn ò mọ ìtàn náà."

Mo fi ọwọ́ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ju irúgbìn sí ihò.
Lálẹ́ mo kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe é,
níbi tí òru wa ti jẹ́ ọ̀sán wọn:
Ẹ jọ̀ọ́, kóró tí ẹ rí lábẹ́ lẹ́tà wa kì í ṣe ìdọ̀tí.
Òun ló ń ya ọkọ kúrò lára oko.
Ẹnìkan ò fèsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀dà mìíràn dé.
Mo tẹ ọ. Mo dúró.
Kóró rẹ̀ wà nídìí, ó dúró gbọn-in.
Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ ọ́ nínú ìwé àlàyé wọn:
A ti tún àwọn nǹkan kéékèèké ṣe.

Páálí àṣìṣe yẹn ṣì wà lára ògiri mi.
Oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń bi mí
ta ló ni oko náà,
ṣé wọ́n fẹ́ tà á ni.