Kannakánná Orí Páànù Wa

Ìyá Títílọpẹ́ ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i,
òwúrọ̀ Ẹtì, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn àpáta Ìkìjà.
"Ẹ wo ẹyẹ dúdú tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun,
ó ti bà sórí páànù Bàbá Ṣówùnmí láti àná.
Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí: Ká a! Ká a!
Èso kan ti pọ́n nílé yìí, wọ́n ní kó wá ká a."
Ó na ìgbálẹ̀ sí i,
ó ta ìka yí orí ká lẹ́ẹ̀mẹta.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bàbá mi kú.

Báyìí ni ẹyẹ ṣe jẹ̀bi.
Kò sẹ́ni tó bá a wá ẹlẹ́rìí.

Èmi ni ẹlẹ́rìí.
Ọdún mọ́kànlá ló fi ń wá sílé wa
láti odò ẹran ní Láfẹ́ńwá.
Bó bá jẹ ìfun tán, á nu ẹnu mọ́ páànù,
á dúró de bàbá mi,
tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ju àsíá ní rélùwéè,
tí ẹsẹ̀ òsì wọn kò gbọ́ràn mọ́,
tí wọ́n ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé
tí wọ́n ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì:
òkèlè kan fún wọn, òkèlè kan fún ẹyẹ.
Bó bá ké, wọ́n á ní,
"Kì í ṣe ká a ló ń wí. Kà á ni.
Akọ̀wé mi ni. Ó ń bá mi ka wágùnù."
Wọ́n á sì jọ dákẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin ti ń gun afárá Odò Ògùn,
méjìlélógún, mẹ́tàlélógún,
títí ìrù rẹ̀ á fi wọ igbó.
Bí bàbá mi bá ṣì í kà,
wọ́n á ní ẹyẹ ló já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn lẹ́nu.

Mo ti ka ewì àwọn ará òkè òkun.
Kannakánná tiwọn, dúdú látòkè délẹ̀,
á bà sórí ibojì nínú yìnyín,
akéwì á nawọ́ sí i, á pè é ní Ikú.
Tiwa yìí ńkọ́, tó funfun láyà
bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó sá jáde kí ìwàásù tó parí?
Ikú wo ló ń dúró kí ènìyàn mu tíì rẹ̀ tán?

Ìtọ̀ súgà ló pa bàbá mi.
Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Àbà:
òùngbẹ, egbò àtàǹpàkò ẹsẹ̀.
Kò sí ìyẹ́ kankan nínú ìwé náà.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ ìsìnkú,
mo rí i lórí páànù, mo sọ òkò.
Òkò bà á lápá.
Èmi tí mo mọ̀. Èmi ẹlẹ́rìí.
Ọ̀fọ̀ a máa wá ẹni tí yóò nà.

Wọ́n ká tápólì, wọ́n kó àga lọ.
Mo ká ẹ̀wù rélùwéè bàbá mi,
mo ka owó tó wà lápò rẹ̀.
Ká. Kà.
Àmì orí kan péré ló là wọ́n.

Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, ó padà,
apá kan ń wọ́ díẹ̀.
Kò wo ojú mi. Àpótí ló wò,
ó wo ìlẹ̀kùn,
ó tún wo àpótí.
Ó ní, Káà —
ó dúró.
Káà —
bí ọmọ tó fẹ́ kí àgbà káàárọ̀
tó rí i pé ìjókòó ṣófo,
tó wá gbé ìyókù ìkíni náà mì.

Mo lọ ra búrẹ́dì. Ti àná ló kù lórí àtẹ Ìyá Títílọpẹ́.
Ó bi mí pé ta ni mo rà á fún.
Mo ní, àlejò.

N kò tí ì lè jókòó sórí àpótí yẹn.
Ilẹ̀ ni mo jókòó sí.
Ọkọ̀ fọn fèrè ní Láfẹ́ńwá, a bẹ̀rẹ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta.
Mo ṣì í kà nígbà tó di ẹ̀sán.
Ẹyẹ ló já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.