Òkè Tó Rù

Kámẹ́rà tuntun tí mo rà ní Adó
ní bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún;
wọ́n ya ènìyàn tín-ín-rín sí i lára.
Tẹ̀ ẹ́, ikùn á wọlé,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fà bíi ti ẹni tó gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́,
láìjẹ́ pé ebi pa ẹnikẹ́ni.

Mọrẹ́nikẹ́jì wọlé lọ́sàn-án Alámìísì,
ó wọ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó.
Síìpù dúró ní ìdajì ẹ̀yìn,
ó lóun ò gòkè mọ́;
ó fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀.
"Ọdún mẹ́fà rèé tí ọkọ mi ti wà ní Kánádà.
Bó ṣe fi mí sílẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe mí.
Ẹ má jẹ́ kó rí gbogbo iyán tí mo ti dá jẹ."

Mo ní kò sí wàhálà.
Mo mú un jáde síta,
torí ará Ìkéré tó bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sókè òkun,
Olósùnta ló ń kọ ẹ̀yìn sí.
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Ó rù!
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé bí aṣọ tútù tí a fún,
ọrùn gùn, apá padà di apá ọmọge.
Àmọ́ òkè náà rù.
Olósùnta tí òjò ti ń lù láti ìwáṣẹ̀,
tí kò jọ̀ tó ìwọ̀n èékánná,
òun ló dúró gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀ bí igi ìbẹ́pẹ,
bí aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé.

Ó wo fọ́tò náà títí.
"Ẹ dá òkè padà, kẹ́ ẹ fi èmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."
Mo ní gbogbo nǹkan ni ẹ̀rọ yìí ń fún pọ̀,
kò mọ èyí tó ń tijú, kò mọ èyí tí kò tijú.
"Ọmọ ìdí òkè yẹn lọkọ mi.
Tó bá rí i báyìí, á mọ̀ pé mo purọ́."
Ó ronú díẹ̀.
"Ògiri dà?"

Ògiri funfun ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló lọ fara tì,
ògiri tí kò lè jẹ́rìí ẹnikẹ́ni.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó sanwó. Ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà dé, fóònù lọ́wọ́,
ó ní kí n gbọ́ ohùn tí ọkọ òun fi ránṣẹ́.
Otútù wà nínú ohùn náà; ọkùnrin náà wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀:
"Kẹ́jì, mo rí ẹ. O ò yí padà rárá.
Ògiri ta wá nìyẹn?
Ṣé o ti kó kúrò nílé ni?
Òkè ńkọ́?"

Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.
Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún,
ó kàn ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù.
"Kò tiẹ̀ béèrè ikùn," ló wí.
Kí n tó gbé kámẹ́rà, ó ti bọ́ síta:
"Ẹ yára, oòrùn ń wọ̀!
Ẹ má tẹ ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn o!"

Mo sún sẹ́yìn, mo tún sún,
ó ku díẹ̀ kí n já sí gọ́tà
kí àwọn méjèèjì tó gba inú ẹ̀rọ.