Okùn Ìwọ̀n

Ogójì ọdún ni mo fi to búlọ́ọ̀kù ní Ògbómọ̀ṣọ́,
láti Masífà dé Àárọ̀jẹ;
ògiri tí mo gbé dúró kò wọ́ rí,
ẹ̀yìn tèmi ló wọ́.

Oyèfúnkẹ́, ọmọ àbúrò mi, tẹ́ ẹní rọ́bà sábẹ́ igi kajú
ní agogo mẹ́fà, kí oòrùn tó yọjú.
Yógà ló pè é; ilẹ̀ Íńdíà ló ti kọ́ ọ.
Ó ní, "Bàbá, ẹ dúró."
Mo ní, "Ṣé mo jókòó ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdúró yàtọ̀ sí àìjókòó.

Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró bí igi,
kí n gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kejì ti itan.
Mo mì tìtì bí ògiri ilé-ẹ̀kọ́
tí agbaṣẹ́ṣe ti jẹ owó síméńtì rẹ̀.
Àwọn ọmọ tó ń lọ pọnmi dúró wò mí.
Ewúrẹ́ pàápàá dúró.

Ó ní kí n dojú bolẹ̀, kí n fọwọ́ ti ilẹ̀, kí n gbé àyà sókè.
"Ìdọ̀bálẹ̀ rèé," mo ní, "ta ni mò ń kí?"
"Ara yín ni. Ó pẹ́ tẹ́ ẹ ti rí i."
Mi ò fèsì.
Iwájú orí mi mọ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́,
ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀,
n kì í gbọ́ ohun tí orúnkún ń sọ.

Lẹ́yìn náà ló kan èémí.
Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.
Òkè ọ̀fun lásán ni mò ń mí sí,
mímí ẹni tó jẹ gbèsè.
Ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn mi:
"Ẹ jẹ́ kó wọlé débí. Ẹ má fà á.
Tó bá fẹ́ jáde, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà."
Mo gbà á lálejò, mo sìn ín,
títí èjìká mi fi sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá etí mi,
ibi tó ti ń gbé láti ọjọ́ tí Sànúsí ọmọ mi
ti gba ọ̀nà Líbíà lọ.

Ọkàn ló ṣòro.
Ọkàn ò ní ibi tí a ti lè dì í mú.
Mo bá a ní Tákié, ó ń ná owó irin;
mo pè é wálé, ó yà sílé ẹni tó jẹ mí lówó
láti ìgbà tí síméńtì ṣì wà ní náírà márùn-ún;
mo tún pè é, ó ti lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ fóònù,
ó ń dúró de ohùn Sànúsí.
Mo ní, "Oyèfúnkẹ́, kò gbọ́."
Ó ní, "Ẹ má bá a jà.
Kí lẹ máa ń ṣe fún okùn ìwọ̀n?"

Áà.
Okùn tẹ́ẹ́rẹ́, irin kékeré nídìí rẹ̀.
Bí mo bá jù ú sílẹ̀ láti orí ògiri,
á fì síbí, á fì sọ́hùn-ún,
n kì í fọwọ́ kàn án.
Ẹni tó bá fọwọ́ dá a dúró, irọ́ ni ògiri rẹ̀ yóò pa.
Á fì, á fì, á rẹ̀ ẹ́,
á wá sọ òtítọ́.

Níkẹyìn ó ní kí n dùbúlẹ̀ gbalaja, kí n ṣe bí òkú.
"Ta ni? Èmi kọ́!" Mo dìde fùú.
A jọ rò ó, a pe tèmi ní ìsinmi bíríkìlà.
Mo dùbúlẹ̀. Ewé kajú kan já bọ́ sórí ikùn mi,
ó ń ròkè, ó ń rodò.
Ọkàn mi tún ti fẹ́ lọ wo fóònù.
Mo jẹ́ kó fì.