Wàrà Aago Mẹ́rin Ìdájí

Òtútù òkè Boyacá ń géni jẹ bí ajá tí kò mọ olówó rẹ̀.
Bàbá mi ti jí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì,
ó ń fọwọ́ ra orúnkún òsì,
èyí tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gun kẹ̀kẹ́ jẹun.
Ó gùn ún ní Sípéènì, ó gùn ún ní Ítálì,
ó gùn ún nínú òjò yìnyín tó ń ta ojú bí òkúta wẹẹrẹ.
Kò gba ife-ẹ̀yẹ kan rí.

Ẹ má bi mí pé kí ló wá lọ ṣe.
Omi ni wọ́n gbà á fún.
Kó rọra ṣẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ẹgbẹ́,
kó ki ike omi mẹ́jọ sẹ́yìn aṣọ, sí àyà,
kó wá fi gbogbo ẹrù yẹn lé àwọn tó ti lọ bá,
kí Fabricio tó lórúkọ lè mu díẹ̀,
kó sì da ìyókù sórí.
Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.
Iwájú ẹlòmíì ni tiẹ̀ dà sí.

Ọjọ́ kan wà o.
Ọjọ́ kan tí kò sí ẹ̀dá kankan níwájú rẹ̀,
àfi ọ̀nà, àfi màlúù méjì, àfi ṣónṣó òkè tó funfun.
Ó ku kìlómítà mẹ́ta.
Rédíò inú etí rẹ̀ wá sọ̀rọ̀: “Anselmo, dúró dè é.”
Ó ní òun ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Ó ní òun ka igi mẹ́fà kọjá.
Lẹ́yìn náà ó fẹsẹ̀ kan tilẹ̀.

Ìyá mi fi àwòrán ọjọ́ náà pamọ́ sábẹ́ àwọn àwo tí a kì í lò.
Bàbá mi ló wà níbẹ̀, ó kọjú sẹ́yìn,
ó ń wo ọ̀nà tó ṣófo.

Ọkọ̀ wàrà ló ń wà báyìí.
Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, agolo ńlá méjìlá,
ó di ilé-iṣẹ́ wàràkàṣì nísàlẹ̀.
Irun ti hù bo ẹsẹ̀ tó máa ń fá kodoro;
ikùn ti yọ díẹ̀.
Bí wọ́n bá ń fi eré kẹ̀kẹ́ hàn ní ilé ọtí,
wọn á ní, “Anselmo, ta ló máa gbà á?”
Á ní, “Ẹ wo ẹni kẹtàdínlógún yẹn. Ẹ wo èjìká rẹ̀.”
Kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ilé tó gbẹ̀yìn ni ti Ìyá Obdulia,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, màlúù kan péré.
Lítà mẹ́rin. Nígbà míì mẹ́ta àti ààbọ̀.
Bàbá mi á pa ẹ́ńjìnnì.
A ó gbọ́ wàrà bó ṣe ń ta sínú garawa, ṣìì, ṣìì,
ìyá á sinmi, á na ọwọ́, á tún bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ọmọdé kan tó ń jẹ́ Duván,
ti ṣírò iye epo tí ìdúró yìí ń jẹ.
Ó pe fóònù láàárọ̀ yìí.
Fóònù ń gbọ̀n lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí kòkòrò tó dojú délẹ̀.
Bàbá mi ń wo òkè.

Mo bi í pé, “Ṣé ó ṣì ń dùn yín?”
Ó ní màlúù yẹn ń wúkọ́,
pé kí n rán òun létí láti ra oògùn.

A sọ̀ kalẹ̀. Ní kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kọ́nà yẹn
ara rẹ̀ ṣì ń tẹ̀, bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀.
Èmi náà ń bá a tẹ̀.
Wàrà inú agolo pẹ̀lú.