Òpó Karùn-ún

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí i, nínú páànù bísíkíìtì,
ìwé pẹlẹbẹ ẹlẹ́yìn búlúù tí ikán ti tọ́ etí rẹ̀ wò.
Òpó mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan:
ọjọ́, ibi tí a ti gbéra, ibi tí a balẹ̀ sí, wákàtí.
Òpó karùn-ún, Àǹtí Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló fi rúlà fà á.
Kò kọ orúkọ kankan sí i lórí.

Ìkẹjà sí Ìbíní. *Àwọsánmà bí òwú tí a kò tíì ran.*
Ìkẹjà sí Kàdúná. *Ọyẹ́. Mi ò rí imú ara mi.*
Ìkẹjà sí Ìkẹjà. *Ọ̀gá ní kí n yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n lè rí ibi tí mo ti máa ṣàṣìṣe.
Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹfà.*

Ọmọ Dòmíngò káfíńtà ni, ní Kámpósì,
ilé alájà kan tí òdòdó sìmẹ́ńtì yí fèrèsé rẹ̀ ká.
Baba ń kan pósí, ó ń kan àga ṣọ́ọ̀ṣì,
ó sì gé ìrókò méjì, ó fá wọn, ó dá ihò sí wọn létí,
kí ọmọ lè so wọ́n mọ́ pẹ́dálì,
torí Ìbídùn kúrú, bàtà rẹ̀ kò kàn án.
Ìyá ò bá wọn dá sí i.
Ọ̀sà ti gba àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀ rí;
ó ní omi ti mú tirẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máà na ọwọ́.
Síbẹ̀, ní alẹ́ tí ọmọ bá wà lókè,
á gbé fìtílà sójú fèrèsé,
bí ẹni pé ojú èèyàn lè ti ojú sánmà mọ Òpópónà Bámgbóṣé.
Ojú ewé kẹtàdínlógún:
*Mo rí iná Màmá. Tàbí iná ẹlòmíì. Mo kí i.*

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra.
Wọn ò sọ pé oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Akọ̀wé àgbà kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ń lọ Ẹnúgu,
ó di agbòòrùn mú bí ọ̀pá àṣẹ.
"Arábìnrin, bá mi bu omi. Awakọ̀ dà?"
Ó bu omi fún un. Ó dúró kí ó mu ún tán.
Ó gba ife, ó nù ún, ó lọ jókòó níwájú.
Ni ọ̀gbẹ́ni bá dìde, òun àti agbòòrùn àti àpò,
ó forí lé Ìdó, ó lọ wọ rélùwéè.
Ọkọ̀ ojú irin gba Kàdúná yí ká kó tó dé Ẹnúgu; ẹ bá mi ka ọjọ́ náà.
Òpó karùn-ún:
*Ìjókòó kan ṣófo. Ọkọ̀ fúyẹ́. A tètè dé.*

Nígbà tí èmi mọ̀ ọ́n, arúgbó ni, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń bó ẹ̀pà.
Bí ọkọ̀ òfuurufú bá kọjá, á na ìka sókè:
"Ó ti tètè yà sọ́tùn-ún, ọmọ yìí."
A rò pé àwa ló ń bá wí.

Ìlà tó kẹ́yìn: Ìkẹjà sí Kámpósì. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀.
*Wọ́n ní ojú mi ti rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ìlú yìí gùn nísàlẹ̀.*

Mo pa ìwé dé, mo lọ wá omi mu ní ilé ìdáná.
Pákó dúdú méjì ló ń dá ilẹ̀kùn ibẹ̀ dúró láti kékeré wa,
ihò létí wọn, a kì í bèèrè.
Mo yọ ọ̀kan. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e.
Ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ gbàà.